Kamaladevi Chattopadhyay

Kamaladevi Chattopadhyay (ọjọ́ 3 oṣù Igbe ọdún 1903 – ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1988) jẹ́ ajìjàgbara, òǹkọ̀wé, òṣèré àti alákòóso ètò iṣẹ́ ọwọ́ ní orílẹ̀-èdè Índíà. Ó wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jù sí ẹ̀wọ̀n nítorí ìjà òmìnira Índíà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó díje láti wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1947, ó kọ ẹ̀yìn sí ipò òṣèlú, ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ wá ọ̀nà tí aṣọ híhun, aṣọ rírẹ, ìkòkò mímọ àti àwọn iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn kò fi ní parun. Lára àwọn ohun ọ̀ṣọ́ tí àwọn ará Índíà ń lò lónìí nígbà àjọ̀dún ẹ̀sìn Híńdù, nígbà ìgbéyàwó àti nígbà ayẹyẹ orílẹ̀-èdè, àwọn kan wà tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dìde sí wọn.

Ìbí àti ìgbà èwe

Wọ́n bí Kamaladevi sí ìlú Mangalore, ní etíkun gúúsù ìwọ̀ oòrùn Índíà, sínú ìdílé Saraswat Brahmin. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Ananthaya Dhareshwar, bàbá rẹ̀, jẹ́ alákòóso ẹkùn lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Girijabai, ìyá rẹ̀, mọ̀wé, ó sì gbàgbọ́ pé ẹ̀tọ́ obìnrin ni láti ní ìmọ̀ kí ó sì dá dúró. Àwọn ènìyàn pàtàkì nínú ìṣèlú ìgbà náà, bí Gopal Krishna Gokhale àti Annie Besant, jẹ́ ọ̀rẹ́ ìdílé náà, ọmọdébìnrin náà sì dàgbà sí àárín ọ̀rọ̀ òmìnira.

Ìbànújẹ́ tètè wọ ilé náà. Saguna, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kú ní ọ̀dọ́ láìpẹ́ sí ìgbà tí ó lọ sílé ọkọ. Nígbà tí Kamaladevi wà ní ọmọ ọdún 7, bàbá rẹ̀ kú láìkọ ìwé ìhágún. Gẹ́gẹ́ bí òfin ìgbà náà, gbogbo dúkìá ọkùnrin náà lọ sọ́wọ́ ọmọkùnrin tí ìyàwó àkọ́fẹ́ rẹ̀ bí; opó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kò ní ju owó ìtọ́jú oṣooṣù lọ. Girijabai kọ owó náà. Ohun tí ó mú wá láti ilé bàbá rẹ̀ ni ó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Kamaladevi kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi dàgbà, ó sì máa ń tọ́ka sí i nígbà tí ó bá ń ṣàlàyé ìdí tí òun fi ń jà kí obìnrin lè jogún, kí ó sì ní owó tirẹ̀.

Ìyá rẹ̀ àgbà ni ó kọ́ ọ ní ìtàn Ramayana, Mahabharata àti àwọn ìtàn àtijọ́ mìíràn tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń sọ fún ọmọ wọn. Ó tún kọ́ Kutiyattam, eré oníṣe àtayébáyé ti ìpínlẹ̀ Kerala, lọ́dọ̀ àgbà òṣèré Mani Madhava Chakyar.

Ìgbéyàwó, ẹ̀kọ́ àti eré orí ìtàgé

Ní ọdún 1917, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í fún ọkọ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Krishna Rao. Kò pẹ́ tí ọkọ náà fi kú, Kamaladevi sì di opó nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin kò tíì jáde ilé ẹ̀kọ́. Ní àwùjọ rẹ̀ nígbà náà, wọ́n ń retí kí opó Brahmin máa wọ aṣọ funfun, kí ó yàgò fún ọ̀ṣọ́, kí ó má sì tún lọ́kọ mọ́. Ìyá rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí ọmọ náà padà sí ilé ẹ̀kọ́, Kamaladevi sì lọ sí Queen Mary's College ní ìlú Madras, tí ó ń jẹ́ Chennai lónìí.

Níbẹ̀ ni ó ti mọ Suhasini Chattopadhyay, àbúrò akéwì Sarojini Naidu. Suhasini ni ó mú un mọ arákùnrin rẹ̀, Harindranath Chattopadhyay, tí òun náà jẹ́ akéwì àti òṣèré. Àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìgbéyàwó opó sí èèwọ̀, àti pé wọn kò wá láti agbègbè kan náà. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan, Rama. Tọkọtaya náà jọ gbé eré kiri, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì gbà pé obìnrin tí ó bá ti ìdílé rere wá kò gbọdọ̀ gun orí ìtàgé. Ní ọdún 1931, Kamaladevi kópa nínú Vasantasena, fíìmù aláìlóhùn tí a gbé ka orí eré Sanskrit àtijọ́ tí ń jẹ́ Mricchakatika. Ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́. Nígbẹ̀yìn, wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀.

Ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí London, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìgbésí ayé àwùjọ ní Bedford College, lábẹ́ Yunifásítì London. Nígbà tí ó gbọ́ nípa ìpè Mahatma Gandhi pé kí àwọn ará Índíà má ṣe bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ sí iṣẹ́ mọ́, ó padà sílé ní ọdún 1923, ó sì darapọ̀ mọ́ Seva Dal, ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ti ẹgbẹ́ òṣèlú Congress.

Ìjà fún òmìnira àti fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin

Ní ọdún 1926, Margaret Cousins, obìnrin ará Ireland tí ó ń gbé ní Índíà, gbà á níyànjú láti díje láti wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Madras. Ọjọ́ díẹ̀ ni ó fi polongo ìbò, ìbò díẹ̀ ni wọ́n sì fi borí rẹ̀. Ìdíje náà ṣí ọ̀nà fún àwọn obìnrin tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1927 ni wọ́n dá Ìpàdé Àpapọ̀ Àwọn Obìnrin Índíà sílẹ̀. Kamaladevi ni ó di akọ̀wé ìṣètò rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ náà jà fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, fún àfikún sí iye ọjọ́ orí ìgbéyàwó, àti fún àtúnṣe sí òfin ogún.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1930, Gandhi gbéra láti Sabarmati lọ sí etíkun Dandi láti ṣe iyọ̀, ní títako owó orí àti àṣẹ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi lé iyọ̀. Ọkùnrin nìkan ni ó kọ́kọ́ yàn láti bá a rìn. Kamaladevi lọ bá a lójú ọ̀nà, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó fàyè gba àwọn obìnrin, nítorí pé inú ilé ìdáná obìnrin gan-an ni ọ̀rọ̀ iyọ̀ wà. Gandhi gbà. Ní Bombay, tí ó ń jẹ́ Mumbai lónìí, Kamaladevi àti Avantikabai Gokhale wà lára àwọn méje tí ó síwájú nínú síse omi òkun di iyọ̀ ní etíkun. Lẹ́yìn náà, ó wọ ilé tí àwọn oníṣòwò ti ń ra ìpín ìdókòwò ní Bombay, ó sì ń ta iyọ̀ tí òfin kà léèwọ̀ náà fún wọn. Ìjọba mú un, ó sì lo ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan ní ẹ̀wọ̀n. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ni ó wọ ẹ̀wọ̀n kí òmìnira tó dé.

Ní ọdún 1936, ó di ààrẹ ẹgbẹ́ Congress Socialist, níbi tí ó ti bá àwọn bí Jayaprakash Narayan àti Ram Manohar Lohia ṣiṣẹ́. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ó rin ìrìn-àjò lọ sí China, Japan àti Amẹ́ríkà, ó sì ń ṣàlàyé ọ̀ràn Índíà fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́. Ní ọdún 1941, nínú ọkọ̀ ojú irin ní gúúsù Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pàṣẹ fún un pé kí ó kúrò níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ funfun. Nígbà tí ọkùnrin náà rí i pé ará Índíà ni, ó fẹ́ fi í sílẹ̀. Kamaladevi kò gba àǹfààní yẹn: ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni òun pẹ̀lú, àti pé òun kò ní dìde. Ó jókòó síbẹ̀.

Bí iṣẹ́ ọwọ́ Índíà ṣe rí kí òmìnira tó dé

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba àkóso Índíà, aṣọ òwú ilẹ̀ náà ti gbajúmọ̀ ní Áfíríkà, ní Éṣíà àti ní Yúróòpù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ Lancashire bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ olówó pọ́ọ́kú, tí òfin owó bodè sì ṣe ojú rere sí wọn, ọjà àwọn ahunṣọ Índíà bàjẹ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Ògún ọdún 1905, àwọn ará Calcutta kéde pé àwọn kò ní ra ọjà ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Ìgbésẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní Swadeshi. Gandhi gbé e síwájú pẹ̀lú khadi, aṣọ tí a fi òwú tí a ran lọ́wọ́ hun, ó sì sọ kẹ̀kẹ́ ìrànwú di àmì òmìnira.

Khadi ni Kamaladevi ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Aṣọ funfun lásán ni khadi Gandhi, èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ sì ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì àti dídá dúró. Kamaladevi fi àwọ̀, ọnà àti ọgbọ́n ọwọ́ kún un. Ó gbà pé amọ̀kòkò, alágbẹ̀dẹ idẹ, aláró, agbẹ́gilére àti ẹni tí ń fi abẹ́rẹ́ ṣọnà sára aṣọ jẹ́ olùṣọ́ ìmọ̀ orílẹ̀-èdè gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ìwé ti jẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú láìkọ́ ọmọ níṣẹ́, ìmọ̀ náà kú pẹ̀lú rẹ̀, nítorí a kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan.

Àwọn ogúnléndé ìlú Faridabad

Pínpín Índíà àti Pakistan ní ọdún 1947 lé àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn kúrò nílé. Kamaladevi fẹ́ kí àwọn ogúnléndé fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ìlú tuntun nípasẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Gandhi fọwọ́ sí èrò náà, kìkì pé kò gbọdọ̀ máa tọrọ owó lọ́wọ́ ìjọba. Ní ọdún 1948, ó dá Indian Cooperative Union sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ ran àwọn àgbẹ̀ tí ó sá wá lọ́wọ́ láti dáko pọ̀ ní Chhatarpur, lẹ́bàá Delhi.

Iṣẹ́ tí ó tóbi jù ni ti Faridabad, ní gúúsù Delhi, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti agbègbè ààlà àríwá ìwọ̀ oòrùn ti wá tẹ̀dó. Àwọn ogúnléndé náà fúnra wọn gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n mọ ilé, wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ tuntun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, L. C. Jain, tí ó bá a ṣiṣẹ́ nínú ètò náà, di ọ̀kan nínú àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú iṣẹ́ yìí ni Kamaladevi ti rí i pé ènìyàn lè pàdánù ilẹ̀ àti ilé, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí ó kù ni òwú, irinṣẹ́ àti ọjà.

Ìgbìmọ̀ Iṣẹ́ Ọwọ́ ti Gbogbo Índíà

Ní ọdún 1952, ìjọba Índíà dá All India Handicrafts Board sílẹ̀, Kamaladevi sì di alága rẹ̀. Ó wà ní ipò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní àkókò kan náà, Indian Cooperative Union gba àkóso Central Cottage Industries Emporium ní Delhi, ilé ìtajà ìjọba fún iṣẹ́ ọwọ́, ó sì sọ ọ́ di ibi tí ará ìlú àti àlejò ti lè ra ojúlówó iṣẹ́ láti gbogbo ìpínlẹ̀.

Ọ̀nà tí ìgbìmọ̀ náà gbà ṣiṣẹ́ rọrùn láti ṣàlàyé, bí ó tilẹ̀ le láti ṣe. Èkíní, Kamaladevi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rin abúlé dé abúlé láti mọ iṣẹ́ tí ó ṣì wà àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Èkejì, wọ́n wá àgbà oníṣẹ́ tí ó kù, wọ́n sì sanwó fún un kí ó lè kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀kẹta, wọ́n ṣètò bí oníṣẹ́ yóò ṣe rí òwú, aró, igi tàbí idẹ rà láìbọ́ sọ́wọ́ alágbàtà tí ń yá a lówó èlé. Ẹ̀kẹrin, wọ́n wá ọjà fún iṣẹ́ náà nílé àti lókè òkun. Wọ́n dá ibùdó ìmọ̀ ọnà sílẹ̀ ní Delhi, Bombay, Calcutta àti Bangalore, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ohun ọnà jọ, èyí tí ó di ìpìlẹ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọwọ́ ní New Delhi.

Láti ọdún 1965, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè dá àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́lá. Ṣáájú ìgbà náà, a máa ń yin iṣẹ́ láìmọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Àmì-ẹ̀yẹ náà gbé amọ̀kòkò àti ahunṣọ jáde kúrò nínú òkùnkùn, ó sì fi orúkọ wọn sínú àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè.

Iṣẹ́ ọwọ́ nínú àwọn àjọ̀dún

Kamaladevi kọ̀wé lọ́pọ̀ ìgbà pé a kò lè ya iṣẹ́ ọwọ́ Índíà sọ́tọ̀ kúrò nínú ìjọsìn, àjọ̀dún àti ìgbésí ayé ojoojúmọ́. Àjọ̀dún ni ó máa ń fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní ọjà tí ó dájú ní ọdọọdún. Nígbà Diwali, tí ó máa ń bọ́ sí oṣù Ọ̀wàrà tàbí oṣù Belu, ilé kọ̀ọ̀kan ń tan fìtílà amọ̀ kéékèèké tí a fi òwú àti epo sí nínú. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ọdún náà ni amọ̀kòkò abúlé máa ń pa púpọ̀ nínú owó ọdún rẹ̀.

Ní Bengal, àjọ̀dún Durga ni ó ń gbé àwọn amọ̀kòkò Kumartuli ní Kolkata ró. Wọ́n á fi ọparun àti koríko gbígbẹ di ara ère, wọ́n á fi amọ̀ odò Hooghly bò ó, wọ́n á kùn ún, wọ́n á sì wọ̀ ọ́ láṣọ. Lẹ́yìn ọjọ́ ìjọsìn, wọ́n á gbé ère náà sọ sínú odò, amọ̀ yóò sì padà di amọ̀. Ní Maharashtra, ère Ganesha, òrìṣà olórí erin, ni àwọn ènìyàn ń gbé kiri ní ìgboro. Bal Gangadhar Tilak ni ó polongo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjọ̀dún gbogbo ìlú ní ọdún 1893, kí àwọn ènìyàn lè péjọ nígbà tí ìjọba amúnisìn ń ṣọ́ ìpàdé òṣèlú lójú méjèèjì. Láti ìgbà náà, àjọ̀dún ẹ̀sìn àti ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ti so mọ́ ara wọn.

Nígbà Navaratri, àjọ̀dún òru mẹ́sàn-án, àwọn ìdílé ní Tamil Nadu àti Karnataka máa ń to ọmọlangidi amọ̀ àti ti igi sórí àtẹ̀gùn, ìyá a sì máa fi wọ́n sílẹ̀ fún ọmọ. Ní Gujarat, àwọn Vaghari, tí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n wọ tẹ́ḿpìlì láyé àtijọ́, ṣe tẹ́ḿpìlì tiwọn lára aṣọ. Mata ni Pachedi ni orúkọ aṣọ náà: àwòrán òrìṣà obìnrin wà láàárín rẹ̀, ní àwọ̀ pupa, dúdú àti funfun, wọ́n á sì ta á ní ibi ìjọsìn. Irú iṣẹ́ báyìí fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ tún jẹ́ ọ̀nà tí àwọn tí a tì sẹ́yìn fi ń sọ pé àwọn náà ní Ọlọ́run.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù nìkan ni ó ń ṣe aṣọ àjọ̀dún Híńdù. Ní Varanasi, Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ahunṣọ tí ń hun aṣọ ṣẹ́dà olówùú wúrà tí àwọn ìyàwó Híńdù ń wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ìtàjẹ̀sílẹ̀ ọdún 1947, Kamaladevi rí irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ogún tí orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó bọ́.

Àwọn iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìparun

Kalamkari ti ìlú Srikalahasti, ní Andhra Pradesh, jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Aṣọ òwú ni, tí a fi kálámù ọparun ya ìtàn àwọn òrìṣà sí, tí wọ́n sì ń gbé kọ́ ní tẹ́ḿpìlì. Oníṣẹ́ á kọ́kọ́ rẹ aṣọ sínú omi èso myrobalan tí a pò mọ́ wàrà ẹfọ̀n, kí ọ̀rá inú wàrà má baà jẹ́ kí àwọ̀ ṣàn kọjá ààyè rẹ̀. Irin tí ó ti dípẹtà àti ṣúgà ìrèké dúdú tí wọ́n jọ rẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó ń fún un ní tàdáwà dúdú. Álọ́ọ̀mù ni ó ń mú kí àwọ̀ pupa di aṣọ mú. Wọ́n á fọ aṣọ náà nínú omi odò lọ́pọ̀ ìgbà láàárín iṣẹ́. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àwọn tí ó mọ ọ̀nà náà ti kù díẹ̀. Ìgbìmọ̀ Kamaladevi dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Srikalahasti ní àwọn ọdún 1950, àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ sì kọ́ àwọn mìíràn.

Ìkòkò aláwọ̀ aró ti ìlú Jaipur jẹ́ èkejì. A kì í fi amọ̀ lásán mọ ọ́. Òkúta quartz lílọ̀ àti dígí lílọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń ṣe é mọ́ nígbà tí Kamaladevi àti Gayatri Devi, ayaba Jaipur, ti ayàwòrán Kripal Singh Shekhawat lẹ́yìn láti sọ ọ́ jí.

Ẹ̀kẹta wá láti inú ìyàn. Ní ọdún 1966 sí 1967, ọ̀dá pa oko run ní Bihar. Ní agbègbè Mithila, àwọn obìnrin máa ń ya àwòrán sára ògiri amọ̀ nígbà ìgbéyàwó àti àjọ̀dún. Lábẹ́ ètò tí Pupul Jayakar darí, ìgbìmọ̀ náà rán ayàwòrán Bhaskar Kulkarni lọ láti fún àwọn obìnrin náà ní bébà, kí wọ́n lè ya àwòrán tí wọ́n yóò tà fún owó oúnjẹ. Láti ibẹ̀ ni àwòrán Madhubani ti di mímọ̀ káàkiri ayé. Jagdamba Devi, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán náà, gba àmì-ẹ̀yẹ Padma Shri ní ọdún 1975, Sita Devi sì gba tirẹ̀ ní ọdún 1981.

Àríyànjiyàn nípa ètò rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà pẹ̀lú Kamaladevi. Ní àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ irin, ìdídò omi àti ẹ̀rọ ńláńlá ni ètò ìdàgbàsókè Jawaharlal Nehru gbé síwájú, àwọn kan sì ka òfì àti àgbá ìmọ̀kòkò sí ohun àná. Èsì Kamaladevi ni pé lẹ́yìn iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jù ní ìgbèríko, àti pé obìnrin lè ṣe é nílé láìpàdánù ọmọ tàbí oko rẹ̀. Ó sì kìlọ̀ fún àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú pé bí a bá ń ṣe iṣẹ́ náà nítorí àlejò tí ń wá ohun ìrántí olówó pọ́ọ́kú nìkan, ọjà yóò pọ̀ ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọwọ́ yóò kú. Títí di òní, ìbéèrè bí oníṣẹ́ ṣe lè jẹun dáadáa láìba iṣẹ́ jẹ́ kò tíì tán nílẹ̀.

Tíátà àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn

Ó wà lára àwọn tí ó dá Indian National Theatre sílẹ̀ ní ọdún 1944, ó sì kó ipa nínú ètò tí ó bí National School of Drama ní ọdún 1959. Ó jẹ́ igbá-kejì alága Sangeet Natak Akademi, àjọ orílẹ̀-èdè fún orin, ijó àti eré. Ní ọdún 1964, ó dá Crafts Council of India sílẹ̀ kí àwọn ará ìlú lè ti oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn láìdúró de ìjọba. Ní ọdún kan náà ní New York, ó wà lára àwọn tí ó bá Aileen Osborn Webb dá World Crafts Council sílẹ̀.

Àwọn ìwé rẹ̀

Kamaladevi kọ ọ̀pọ̀ ìwé. Lára wọn ni Handicrafts of India, tí ó jáde ní ọdún 1975, àti àwọn ìwé lórí ẹní àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ó kọ ìtàn ìjà àwọn obìnrin sínú Indian Women's Battle for Freedom, ó sì kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ sínú Inner Recesses, Outer Spaces, tí ó jáde ní ọdún 1986.

Àwọn àmì-ẹ̀yẹ

Ìjọba Índíà fún un ní Padma Bhushan ní ọdún 1955 àti Padma Vibhushan ní ọdún 1987. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Ramon Magsaysay ní ọdún 1966 fún iṣẹ́ aṣáájú láwùjọ. Sangeet Natak Akademi fi oyè tí ó ga jù lọ dá a lọ́lá ní ọdún 1974, UNESCO sì bu ọlá fún un ní ọdún 1977 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́.

Ikú àti ohun tí ó fi sílẹ̀

Kamaladevi Chattopadhyay kú ní Bombay ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1988, ní ẹni ọdún 85. Kò fi ipò ńlá nínú ìjọba sílẹ̀, nítorí kò di mínísítà rí. Ohun tí ó fi sílẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́, ilé ìtajà, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àti àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ tí ó kọ́ àwọn ọmọ wọn níṣẹ́.

Crafts Council of India ṣì ń fi àmì-ẹ̀yẹ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́lá, àwọn ilé ìtajà ẹgbẹ́ náà sì ń jẹ́ Kamala. Láti ọdún 2015, ìjọba Índíà ti ya ọjọ́ 7 oṣù Ògún sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Aṣọ Òfì Orílẹ̀-èdè, ní ìrántí ìpè Swadeshi ọdún 1905. Ní ọjọ́ 3 oṣù Igbe ọdún 2018, tí ó jẹ́ àyájọ́ ọdún 115 tí wọ́n bí i, Google fi àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sí ojú ìwé rẹ̀ ní Índíà.